Ta ló ti dé Maheshwar rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí létí odò Narmada

Alárìnká Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣègbéyàwó ní Indore ní Íńdíà lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo sì máa lò níbẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi yìí ti sọ fún mi pé n ò gbọdọ̀ padà sílé láìdé Maheshwar. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti kàwé tàbí ṣòwò lágbègbè yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí níbẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ata Nimar, àgbègbè tí Maheshwar wà yẹn, ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un o.

Ọmọ Pune Tẹ́lẹ̀:
Há, Maheshwar! Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Pune, ìlú mìíràn ní Íńdíà. Ìsinmi ọdún Holi ni èmi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fi lọ. Bọ́ọ̀sì gbé wa láti Indore dé Dhamnod, a tún wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí èrò kún inú rẹ̀ bámúbámú. Gbogbo ọ̀nà náà ò ju nǹkan bí 90 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ó lé ní wákàtí mẹ́ta ká tó dé, torí kò sẹ́ni tó nawọ́ tí dírẹ́bà ò dúró gbé. Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tá a débẹ̀, n ò rí nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ojú mi tó là. Odi ńlá kan wà lókè, òkúta ni gbogbo rẹ̀, àtẹ̀gùn òkúta sì sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ títí wọnú omi. Àwọn kan ń wẹ̀, àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ, wọ́n sì ń sá sárì, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ró, sórí àtẹ̀gùn. Tẹ́ ẹ bá dúró lókè odi tẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, pupa, aró, ìyeyè, gbogbo rẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Bàbá àgbà kan rọra fa apá mi, ó bu ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò róbóróbó sí mi lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ júwe pé kí n jù ú sómi. Ẹja tó yọ orí síta! N ò ka iye wọn tán. Mo fẹ́ fún bàbá náà lówó, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé oúnjẹ àárọ̀ o. Poha ni wọ́n ń pè é: ìrẹsì tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀ pupa sè é, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé jalebi sí, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n dín ní kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n rì bọ omi ṣúgà. Iyọ̀ àti ṣúgà nínú àwo kan láàárọ̀ kùtù! Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, èmi ni mo kọ́kọ́ ń dé ìdí àwo.

Alhaja Aláṣọ:
Ọmọ mi, o ò sọ̀rọ̀ aṣọ! Aṣọ ni Maheshwar. Alárìnká, gbọ́ mi dáadáa. Aṣọ ẹ̀rọ pọ̀ lójà tí wọ́n ń pè ní aṣọ òfì. Kó o tó sanwó, yí etí sárì náà padà. Etí ojúlówó sárì Maheshwari ò ní ẹ̀yìn, bó ṣe rí níwájú náà ló rí lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ṣeé wọ̀ síta. Wo orí rẹ̀ náà, apá tó máa ń gba èjìká kọjá: ìlà márùn-ún ló máa ń wà níbẹ̀, aláwọ̀ mẹ́ta, funfun méjì láàárín wọn. Aṣọ náà fúyẹ́ bí ìyẹ́, torí òwú ni wọ́n fi ń hun ún mọ́ sílíìkì. Má sì gba iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lé e. Èmi ná méjì dé ìdajì owó, wọ́n sì tà á fún mi.

Tèmi Yéwa:
Alhaja, ẹ ṣeun o. Mo ti kọ èyí sílẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Alhaja, ẹ forí jì mí, àgbà lẹ jẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdajì owó yẹn dùn mí wọra.

Ahunṣọ ni bàbá mi, ìdí òfì ni wọ́n ti rówó rán mi nílé ìwé. Nígbà tí mo dé Maheshwar lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, n ò tíì dé etí odò rárá tí mo fi gbọ́ ìró kan tó ń jáde látinú ilé kan: kàkà-kà, kàkà-kà. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ìró tí mo gbọ́ dàgbà ni. Mo yọjú, ọkùnrin kan ní kí n wọlé. Ó fẹsẹ̀ sínú kòtò lábẹ́ òfì, ó ń fa okùn kan lókè orí, ọ̀kọ̀ sì ń fò láti ọ̀tún sí òsì fúnra rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń ju ọ̀kọ̀ ní tiwa, aṣọ tiwa sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an pọ̀ ni. Tiwọn fẹ̀ tó bí ọmọdé ṣe ga. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí kẹ̀kẹ́, ó ń ká òwú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá mi ṣe máa ń jókòó.

Mo fi fọ́tò bàbá mi nídìí òfì hàn án lórí fóònù. Ó pariwo, ó pe àbúrò rẹ̀, ó pe aládùúgbò. Àwọn bíi mẹ́fà rọ̀gbà yí fóònù mi ká, wọ́n ń tọ́ka: òwú rèé, ọ̀kọ̀ rèé. Àwa ò gbọ́ èdè ara wa o, àbúrò rẹ̀ ló ń tú díẹ̀díẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbà mí láyè kí n jókòó. N ò tíì ju ọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá tí òwú fi já. Kò bínú. Ó fi ìka méjì so ó pọ̀, n ò rí ojú kókó náà mọ́.

Mùsùlùmí ni, Ansari ni wọ́n ń pe ìdílé wọn, àwọn ahunṣọ irú wọn pọ̀ ní ìlú náà. Nígbà tí àkókò ìrun ọ̀sán tó, ó dìde, ó lọ ṣàlùwàlá. Agogo tẹ́ńpìlì ń dún nísàlẹ̀ lásìkò kan náà. Aṣọ tó fi sílẹ̀ lórí òfì, aṣọ ìyàwó Híńdù ni, iṣẹ́ ọnà tó wà létí rẹ̀, ara ògiri odi àti tẹ́ńpìlì létí odò ni wọ́n ti wò ó. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni yóò fi parí rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin tí iná ò bá lọ.

Alhaja, tẹ́ ẹ bá dín owó rẹ̀ sí ìdajì, ọjọ́ méjì nínú mẹ́rin yẹn lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tèmi Yéwa:
Mo ti pa ohun tí mo kọ sílẹ̀ rẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ọjọ́ méjì nínú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Ọmọ Pune Tẹ́lẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú mi rántí bàbá àgbà mi. Aláró ni.

Alhaja Aláṣọ:
Ọmọ Ìṣẹ́yìn, mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á, kì í ṣe ọwọ́ ahunṣọ. Èrè oníṣọ́ọ̀bù ni mo gé. Láti bí ogún ọdún tí mo ti ń tà, mi ò rí aláṣọ tó tajà ní àdánù torí pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ṣàlàyé, Alhaja. Ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù ò ní gé tirẹ̀. Tó bá padà dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á ní ọjà ò tà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún bàbá mi.

Bàbá Rónkẹ́:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìdí tí òfì fi wà níbẹ̀ rárá, obìnrin kan ni. Ahilyabai Holkar. Wọ́n bí i ní 1725. Ọkọ rẹ̀ kú sójú ogun ní 1754, ó sì fẹ́ bá òkú ọkọ rẹ̀ wọ iná gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, bàbá ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ọkọ náà kú ní 1766, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ahilyabai bí kú ní 1767. Òun fúnra rẹ̀ ló wá gorí oyè, ó fi Maheshwar ṣe olú ìlú, ó sì ṣàkóso títí tó fi kú ní 1795. Wọ́n ní òun ló pe àwọn ahunṣọ wá láti Surat àti ibòmíràn, kó lè máa rí aṣọ fún àwọn àlejò ààfin.

Ọmọ Ológun:
Bàbá, obìnrin ló jọba nígbà yẹn? Tí àwọn ìjòyè ò sì dìtẹ̀?

Bàbá Rónkẹ́:
Wọ́n dìtẹ̀ kẹ̀! Ó borí wọn. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù, mo dé ibẹ̀ ní 1998 nígbà tí ilé iṣẹ́ rán mi wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Mo retí wúrà àti òkúta iyebíye. Òpó igi, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti tìmùtìmù funfun tó ń jókòó lé ni mo bá. Obìnrin yìí ló tún tẹ́ńpìlì ńlá Kashi Vishwanath kọ́ ní Varanasi lọ́dún 1780 o, ilé tirẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

Iṣẹ́ òfì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun lẹ́yìn tí Íńdíà gbòmìnira. Ọmọ ìdílé Holkar kan, Richard, àti Sally ìyàwó rẹ̀, ló dá ẹgbẹ́ Rehwa sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1978, tí wọ́n kó àwọn obìnrin jọ sídìí òfì padà. Alhaja, tí ẹ bá ra níbẹ̀, owó náà ń dé ọwọ́ ẹni tó hun ún.

Alhaja Aláṣọ:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo gbọ́.

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti odò, nítorí odò ni mo bá lọ. Narmada ò ṣe bí ọ̀pọ̀ lára àwọn odò ńlá wọn tó ń lọ síhà ìlà oòrùn. Ìwọ̀ oòrùn ló ń ṣàn lọ, ó rin 1,312 kìlómítà kó tó wọ òkun. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú odò Ganga kó tó mọ́, ṣùgbọ́n wíwò lásán ti tó ní ti Narmada.

Obìnrin kan tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí jókòó sórí àtẹ̀gùn, aṣọ funfun, ọ̀pá kan, àpò kan. Olùkọ́ kan ló bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń rìn yí odò náà ká ni. Ìlú Omkareshwar létí odò náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bá ìhà gúúsù sọ̀ kalẹ̀ títí dé òkun, ó wọ ọkọ̀ ojú omi rékọjá níbẹ̀, ó wá ń bá ìhà àríwá gòkè padà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni odò gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo, kò sì gbọdọ̀ dá a kọjá níbòmíràn. Oúnjẹ tí wọ́n bá fún un ló ń jẹ. Ẹni tó bá kọjá á kí i, "Narmade Har!" òun náà á dáhùn bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti là yányàn-án. Mo fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, ó pín ọ̀kan padà fún mi.

Ọmọ Ológun:
Ìyẹn á lé ní 2,600 kìlómítà o! Ìyá àgbà? Ó ṣòro fún mi láti gbà.

Bàbá Rónkẹ́:
Gbà á, ọmọ mi. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é bí ìṣe àtijọ́, ọdún mẹ́ta, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ 13 ni, torí wọ́n máa ń dúró sójú kan ní oṣù mẹ́rin òjò. Àwọn míì ń fi oṣù bíi mélòó kan ṣe é báyìí, àwọn míì ń wọ bọ́ọ̀sì.

Ọmọ Òṣogbo:
Ohun tó dùn mí ni pé mo padà sílé, mo lọ wo Ọ̀ṣun, omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè ní Ìjẹ̀ṣà.

Ọmọlúàbí Èkìtì:
Ẹ jọ̀ọ́, Maheshwar la ń sọ. Ẹ má gbé Ọ̀ṣun wọ ibí.

Ọmọ Òṣogbo:
Ó kàn án. Ẹni tó rí bí àwọn kan ṣe ń tọ́jú odò tiwọn, tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Bàbá Rónkẹ́:
Narmada náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù kìíní 1998 yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará abúlé rọ́ wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ dáàmù kan lókè Maheshwar díẹ̀, nítorí omi yóò bo oko wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ̀ láti dìde. Mo rí àwọn obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń rìn lọ síbẹ̀.

Ọmọlúàbí Èkìtì:
Ìbéèrè tèmi rèé. Lálẹ́, wọ́n máa ń gbé fìtílà kékeré sínú ewé pẹ̀lú òdòdó, wọ́n á fi sójú omi. Wọ́n nawọ́ ọ̀kan sí mi. Kristẹni ni mí, mo kọ̀. Ṣé mo ṣàṣìṣe?

Ìyá Ìbejì:
O ò ṣàṣìṣe. Ẹ̀rí ọkàn ẹni ni.

Ọmọ Pune Tẹ́lẹ̀:
Èmi gbà á, mo sì ronú kan ìyá mi tó ti lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ẹ̀sìn mi.

Alhaja Aláṣọ:
Èmi kọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ fún mi. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé e fún ẹlòmíì.

Alárìnká Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ọmọ Ìṣẹ́yìn, ṣé ẹ ṣì mọ ilé ahunṣọ yẹn? Mo lè bá yín kí i.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Tó o bá jáde ní odi, tó o kọjú sí ọjà, àdúgbò tó o ti máa gbọ́ òfì ni. Màá fi fọ́tò ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. Ọjọ́ wo lo ń lọ gan-an? Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ja sányán kan kúrò lórí òfì. Mo fẹ́ kó o bá mi mú apá kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Alárìnká Ìbàdàn:
Ọjọ́ kẹrìnlá. Ìbàdàn ni mo wà títí di ọjọ́ kejìlá.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ọjọ́ Sátidé ni màá gbé e wá. Mọ́kọlá ló rọrùn fún ẹ ni àbí Dùgbẹ̀?