Báwo ni ọbẹ̀ ṣe ń dùn láìsí iyọ̀ púpọ̀ àti mágí?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá mi tí ẹ mọ ọbẹ̀ sè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni bàbá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ṣómólú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ní kí n dín iyọ̀ àti mágí kù gidigidi. Láti ìgbà náà, wọ́n á tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rọra ti abọ́ síwájú: "Ọmọ mi, ọbẹ̀ yìí tẹ́." Ó ń dùn mí wọra, torí wọ́n ti ń rù.

Mo ti fi edé gbígbẹ àti àlùbọ́sà kún un. Mo ra irú wóró ní Ọyìngbò, mo dà á sínú epo kí n tó da ata sí i. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, àmọ́ nígbà tí ẹ̀fọ́ ṣọkọ fi máa jinná, a ò gbọ́ adùn irú lẹ́nu mọ́. Irú pẹ̀tẹ̀ tí mo rà tẹ̀ lé e, iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí mo ṣe fi ahọ́n kàn án ni mo mọ̀. Pánlá gbígbẹ sì ti ju agbára mi lọ, ṣáwá la ń jẹ.

Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí irú wọ ìkòkò kí adùn rẹ̀ má bàa lọ? Ṣé mo lè fọ iyọ̀ kúrò lára irú pẹ̀tẹ̀ ni, àbí kí n pa á tì? Kí lẹ sì ń fi rọ́pò mágí, nínú efinrin, atalẹ̀ àti ááyù, tí ẹnu àgbàlagbà fi ń gbà á?