Ìtàgé ọmọlangidi nínú ilé: ta ló ti ṣe é rí?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Òtútù ti sé àwọn ọmọ mọ́lé, ìtàgé ọmọlangidi ni wọ́n wá ń bẹ̀ mí fún. Mo ní páálí ńlá tí wọ́n fi gbé fìríìjì wá, mo sì ní àpò ìbọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ẹnì kejì wọn ti sọnù. Ilé àyágbé là ń gbé, mi ò lè kan ìṣó mọ́ ògiri rárá. Ọmọ ọdún 5 ni àwọn ìbejì, àbúrò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 2. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀bẹ o. Ẹni tó máa di ọmọlangidi mú ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ ní kí àwọn ìbejì kúnlẹ̀ sẹ́yìn páálí, kí ẹ fi máákà sàmì síbi tí orí wọn dé. Ìsàlẹ̀ fèrèsé ìtàgé gbọ́dọ̀ fi ìka mẹ́ta ga ju àmì yẹn lọ. Bó bá rẹlẹ̀ jù, irun orí ni àwọn òǹwòran á máa wò. Bó bá ga jù, apá á ti máa ro wọ́n kí eré tó dé ìdajì. Àárín páálí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé ihò sí torí ó dùn ún wò. Ẹ má fara wé wọn.

Fèrèsé tó fẹ̀ tó 70 sẹ̀ǹtímítà, tó sì ga tó 45, máa gba ọmọ méjì láìforí gbárí. Ẹ fi nǹkan bíi 8 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì àti lókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ páálí á tẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa ṣí pátápátá, kí ẹ dá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí, àwọn ló máa gbé e dúró. Ìbòrí ìsàlẹ̀ náà, ẹ má gé e dà nù: ẹ ká a sínú, kí ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e lórí, kò ní ṣubú lu ọmọ ẹnikẹ́ni.

Àgbà ni kó gé e. Ẹ fi rúlà irin tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rọra fa ọ̀bẹ lójú ìlà kan náà léraléra. Ẹni tó bá fẹ́ gé e já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ máa ń yọ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Bàbá Ọlọ́mọge:
Ẹ̀gbọ́n, páálí fìríìjì nínú pálọ̀ tiwa? Àwa fúnra wa la máa kó jáde! Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá fẹ̀, kó lo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pá kọ́tìnnì kan wà tó ní sípíríǹgì nínú, tó máa ń fún ara rẹ̀ mọ́ àárín férémù ilẹ̀kùn, kò gba ìṣó. Ẹ fún ọ̀kan sísàlẹ̀, kí aṣọ rẹ̀ balẹ̀. Ẹ fún ìkejì sókè, kí aṣọ tirẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ìtàgé. Tí eré bá parí, ẹ ká gbogbo rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ ṣáà wò ó pé ọ̀pá náà fún dáadáa, torí àwọn ọmọ á rọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n máa ń rọ̀ mọ́ ọn ṣáá ni.

Aránṣọ:
Èmi wá sórí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Èyí tó gùn dé orókùn ló dáa jù, kí apá ọmọ má bàa hàn. Ìka mẹ́rin lókè, àtàǹpàkò nísàlẹ̀, ibi gìgísẹ̀ á wá bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ gé páálí pẹlẹbẹ roboto, kí ẹ ká a sí méjì, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹnu máa wà. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí ẹnu ṣí kó sì pa dé bó ṣe yẹ. Láìsí i, ṣe ni ìbọ̀sẹ̀ á máa jẹ ara rẹ̀.

Ẹ wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ kí ẹ tó sàmì ojú, torí ojú á yẹ̀ nígbà tí aṣọ bá fẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú méjèèjì sún mọ́ra, kí wọ́n sì sún mọ́ ẹnu. Ọmọlangidi tí ojú rẹ̀ jìnnà síra máa ń dà bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ọmọ ọdún 2 yẹn, ẹ má lo bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ rárá. Òwú ni kí ẹ fi ya ojú sára rẹ̀. Ohun kékeré tó bá já, ẹnu ló ń lọ tààrà.

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ dáa, àmọ́ ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ló ń ṣeré. Ẹ kọ́ wọn pé àtàǹpàkò ló ń rọ̀ wálẹ̀ tí ọmọlangidi bá ń sọ̀rọ̀, ìka òkè kì í gbéra. "Mo ti dé": ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀mẹta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ni àwọn òǹwòran jókòó sí, nítorí náà kí wọ́n tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú, kí ọmọlangidi lè máa wo èèyàn dípò àjà. Tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kí èkejì dúró jẹ́ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má kọ ìtàn gígùn. Ẹ ní kí ọmọlangidi kan máa wá fìlà rẹ̀ nígbà tí fìlà wà lórí rẹ̀. Àwọn òǹwòran á máa pariwo, ìṣẹ́jú 10 á sì ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè kankan ju Yorùbá lọ. Ọmọ tí kì í dá ìyá rẹ̀ lóhùn ní Yorùbá á máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ìbọ̀sẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Háà, ẹ ṣeun gidigidi! Tó bá dalẹ́ ńkọ́, iná wo ni kí n lò?

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Iná kan ṣoṣo láti iwájú, lókè díẹ̀. Tí ẹ bá wá ta aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́yìn ìtàgé, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa rí òde, àwọn tó wà níwájú ò ní rí wọn, bí ẹ̀yìn bá ṣáà ti ṣókùnkùn.

Ẹ tún lè sọ páálí kan náà di ti òjìji. Ẹ lẹ bébà funfun tí iná lè là kọjá mọ́ fèrèsé, kí ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn. Àwòrán páálí tí ẹ gé sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ á mú dáadáa tó bá kan bébà. Tó bá sún mọ́ iná, á tóbi, etí rẹ̀ á sì máa ṣe bàìbàì. Tọ́ọ̀ṣì méjì á bí òjìji méjì, nítorí náà ẹyọ kan tó. Àbẹ́là kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, páálí ni.

Ìyá Ìbejì:
Ó yé mi. Ó ku àbúrò wọn tó máa fẹ́ wọ inú páálí lọ bá wọn.

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi:
Ẹ fún un ní agogo. Ẹ sọ fún gbogbo ilé pé eré kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi tó bá lù ú.