Ẹ gbà mí o: jig tí mo lè fi dán board wò, kó tó di Jímọ̀

Wáyà_Pupa: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú mi. Board 80, pátákó tí a solder àwọn ẹ̀yà iná mọ́, ló wà nílẹ̀, ti kit ṣájà oòrùn fún àwọn ọmọ iléèwé. Jímọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Multimeter ni mo fi ń dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ti ń ro mí. Kí ni kí n rà tí màá fi kan jig, ìyẹn férémù tí a ń gbé board lé kí pin rẹ̀ lè kan ojú iná lára board lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọmọ_Alábà: Ojú mélòó lo fẹ́ kàn lára board? O ò sọ. Ṣá ra pogo pin (pin tó ní spring nínú) P75 olórí ṣóńṣó, kó o ra àkọ̀ rẹ̀, R75, mọ́ ọn. Àkọ̀ ni kó o solder wáyà mọ́, kì í ṣe pin. Tí pin bá bàjẹ́, wàá kàn fà á yọ ni.

Ẹ̀rọ_Ò_Purọ́: Ẹ má rán mi létí! Lọ́dún tó kọjá, mo gbé file àwòrán jig fún ẹni tó ń fi laser gé perspex, ike líle yẹn. Ẹ̀yìn board ni pin máa kàn, mi ò sì yí àwòrán yẹn padà, lọ̀tún bá di òsì. 12V já sójú 5V. Mo rò pé board ni ò dáa, mò ń mú òmíràn. Board 14 ló kú. Mo ṣe bí òórùn ọlọ́sùyà ìsàlẹ̀ ni mò ń gbọ́!

Ìyá_Transistor: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ 14 kẹ̀?

Ẹ̀rọ_Ò_Purọ́: Ẹni tó gé e ló jẹ̀bi. Ó yẹ kó béèrè.

Ọmọ_Alábà: Kó béèrè kí ni? Ohun tí ẹ gbé fún un ló gé. Ẹ ò bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ gbé board lé e.

Ìyá_Transistor: Kí ẹ sì dín iná kù sí 100 mA lára power supply kí ẹ tó tan nǹkan kan.

Ẹ̀rọ_Ò_Purọ́: Adaptor ògbólógbòó ni mo lò, ìyá wa. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Baba_Kébù: Ẹ kúkú ní kí àwọn ará Ṣáínà bá yín dán an wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ọmọ_Alábà: Baba, board ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀!

Ìyá_Transistor: Wáyà_Pupa, má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ dípò pogo o. Kò ní spring, bí ọ̀kan bá kàn, èkejì lè má kàn. Kan ìṣó méjì tí yóò wọ ihò skúrù board, kó má baà yẹ̀. Arduino Nano, kọ̀ǹpútà kékeré orí board yẹn, lè bá ẹ ka 5V yẹn, àmọ́ fi resistor méjì pín in sí méjì kó tó wọlé.

Wáyà_Pupa: Ẹ ṣé gan-an ni. Ojú 4 péré ni, mo gbàgbé láti sọ. Mi ò ráyè dé Alábà. Pẹ́ẹ̀gì tí ìyàwó mi fi ń sá aṣọ ni mo mú, mo fi gílúù lẹ pogo pin 4 tí mo tú lára programmer àtijọ́ (ẹ̀rọ tí a fi ń kọ program sínú chip) mọ́ ẹnu rẹ̀. Board 31 ti yege. Méjì jóná.

Ẹ̀rọ_Ò_Purọ́: Ṣé o yí ọ̀tún sí òsì?

Wáyà_Pupa: Lẹ́yìn èkejì ni, sà.