Òkú ẹ̀ka lára bọ́nsáì ọ̀dán mi ń jẹrà: kí ni mo ṣì ṣe?

Onígi Ìkòkò, Òkè-Fìà
Ẹ kú ìtọ́jú igi o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní bọ́nsáì ọ̀dán kan, ìyẹn igi tí a mú kéré sínú ìkòkò, tí mo ti ń tọ́ bọ̀ láti ọdún 6 sẹ́yìn. Ẹ̀ka rẹ̀ kan tó nípọn tó àtàǹpàkò kú lọ́dún tó kọjá; dípò kí n gé e, mo bó èèpo rẹ̀, mo gbẹ́ ẹ ṣóńṣó bí èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní jin, ìyẹn òkú ẹ̀ka tí wọ́n fi sílẹ̀ lára bọ́nsáì fún ẹwà, mo sì fi sáńpépà dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Láti ìgbà tí òjò ti dé, ó ti dúdú, ìdí rẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé èékánná ń wọ̀ ọ́. Ṣé irin iṣẹ́ mi ni kò dára ni, àbí ó yẹ kí n ti fi nǹkan pa á?

Ọmọ Agbẹ́gilére
Ẹ má dá irin yín lẹ́bi. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n ti tọ́ mi ní Òṣogbo yìí, irú igi tó wà nílẹ̀ ni bàbá mi sì máa ń kọ́kọ́ wò kí ó tó gbé àáké. Igi ọ̀dán rọ̀, kì í sì í pẹ́ jẹrà bí ó bá ti kú tí omi ń kàn án. Igi júnípà tí àwọn ará Japan ń lò yàtọ̀, nítorí oje inú rẹ̀ ń dáàbò bò ó, tó bẹ́ẹ̀ tí òkú ẹ̀ka fi ń wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ti dídán tí ẹ dán an, n kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ̀ka tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn pa kì í dán. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbẹ́ òkú ẹ̀ka mìíràn, ẹ fi ọ̀bẹ la orí rẹ̀, ẹ fi ẹmú di etí kan mú, kí ẹ sì máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí igi náà fúnra rẹ̀ lè ya tẹ̀lé iṣan rẹ̀. Ibi tí iṣan bá ti yí, ẹ jẹ́ kí ó yí.

Ìyá Olódòdó
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ gé ẹ̀ka yẹn títí ẹ ó fi kan ibi tó le tó sì mọ́, kí èèpo tuntun lè bo ojú ọgbẹ́ náà. Ọ̀dán kì í pẹ́ ṣe ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ òkú igi gan-an ni ẹ fẹ́, ẹ wá àjàgbọn tó ti gbó, kí ẹ gbẹ́ ara funfun rẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ kúrò títí ẹ ó fi dé ọkàn rẹ̀ tó dúdú tó sì le. Ẹ má bó èèpo yí ìtì ká o, nítorí abẹ́ èèpo ni oúnjẹ ń gbà dé gbòǹgbò.

Ohun tí wọ́n fi ń pa òkú igi lára ni omi tí a fi ẹfun àti imí-ọjọ́ sè, èyí tí wọ́n ń pè ní lime sulphur. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹyin tó bàjẹ́, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo ilẹ̀ ìkòkò kí ó má bàa kan gbòǹgbò. Yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ná, oòrùn yóò sì sọ ọ́ di funfun.

Onígi Ìkòkò, Òkè-Fìà
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo gé e láàárọ̀ yìí, mo sì rí i pé ìjẹrà náà kò tíì dé inú ìtì. Àjàgbọn kan wà lẹ́yìn ilé wa. Bí ọyẹ́ bá dé tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, òun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.