Ta ló ń rí password mi lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Ìbejì: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ni mo ní, àwa mẹ́rin la sì jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan wọ Facebook mi, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi. Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré ni ọkàn mi ń lọ sí, torí ó máa ń pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà tí mo bá lọ kí ìrun. Mo bá a wí lánàá débi pé kò jẹun ọ̀sán. Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú password sínú browser (ohun tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì) tí ojú ẹlòmíràn ò ní tó o?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Browser wo? Ṣé olúkúlùkù ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí Windows, àbí ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń ṣí? Kọ́kọ́rọ́ tí Chrome fi ń ti password pa so mọ́ àkáǹtì Windows. Ẹni tó bá ti jókòó sínú àkáǹtì yẹn ti wà nínú yàrá. Bí kò tilẹ̀ rí password náà, Chrome á bá a kọ ọ́ sí ojú ewé tó bá ṣí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣí profile ọ̀tọ̀, ìyẹn ààyè ti olúkúlùkù, nínú Chrome, ó parí.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Kò parí o. Profile Chrome kì í ṣe ìlẹ̀kùn, wọ́n kàn máa tẹ orúkọ yín ni, wọ́n ti wọlé. Àkáǹtì Windows ni kí ẹ ṣí fún olúkúlùkù: Settings, Accounts, Other users, Add account. Kí àwọn tó kù jẹ́ Standard user, kí tiyín nìkan jẹ́ Administrator (ọ̀gá ẹ̀rọ), kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi ohun tó ń ka bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ sórí ẹ̀rọ láìgbàṣẹ. Olúkúlùkù pẹ̀lú password tirẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti L pọ̀ kí ojú kọ̀ǹpútà lè tì.

Ìyá Ìbejì: Chrome ni. Ọ̀kan náà la jọ ń ṣí. Password wà níbẹ̀, 1234 ni, mo kọ ọ́ sí bébà lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà torí àwọn ọmọ máa ń gbàgbé. Ẹ má bá mi wí, oníbàárà kì í dúró.

Alhaja Akọ̀wé: Háà! Lẹ́yìn náà lẹ wá ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà? Tí pínpín àkáǹtì bá nira, ẹ lo Firefox: Settings, Privacy & Security, Use a Primary Password, ìyẹn password kan tó ń ti gbogbo àwọn yòókù pa. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń béèrè lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí Firefox, kò sì ní béèrè mọ́ àfi tí ẹ bá pa á. Nítorí náà, ẹ pa á kí ẹ tó dìde.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ó sàn ju ti Chrome tó ṣí sílẹ̀ lọ, àmọ́ tí ẹ ò bá jáde kúrò lórí Facebook, kò sẹ́ni tó ń wá password mọ́. Ó ti wà nínú ilé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣáà pa gbogbo password inú Chrome yẹn rẹ́ kíá!

Ìyá Ìbejì: Mo ti pa á rẹ́ láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ tún lọ lórí fóònù mi! Gmail mi ni mo fi wọ Chrome. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a tà lóṣù tó kọjá.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ẹ dúró. Èyí tí ẹ tà? Ṣé ẹ yọ Gmail kúrò níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Fáìlì oníbàárà la pa rẹ́. A ò fọwọ́ kan Chrome. 1234 náà la sọ fún ẹni tó rà á.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ ná. Sync ló pa ti fóònù rẹ́: ohun tí ẹ bá pa níbì kan, ibi gbogbo ló ti ń lọ. Lórí fóònù yín, ẹ wọ myaccount.google.com, Security, Your devices. Ẹ mú Windows àtijọ́ yẹn, ẹ tẹ Sign out. Ẹ pààrọ̀ password Gmail ṣáájú ohunkóhun, torí òun ni wọ́n lè fi tún ti àwọn yòókù ṣe. Kí ẹ tan 2-Step Verification, tó máa ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn password. Lẹ́yìn rẹ̀, bánkì, kó tó kan Facebook. Sign out lè má nu èyí tí Chrome ti kó pamọ́ sínú ẹ̀rọ yẹn, nítorí náà ẹ pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì: Windows méjì ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀kan ṣiṣẹ́ lónìí, ìlú tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìlú wa. Mo ti yọ ọ́. Ọmọ yìí ṣì jókòó níwájú mi, kò tíì sọ̀rọ̀. Ṣé Facebook náà ní irú ojú ewé yìí?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Ó ní i. Accounts Center, Password and security, Where you're logged in. Ẹ yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe fóònù ọwọ́ yín.