Lẹ́tà káàbọ̀ mi ń balẹ̀ sínú spam, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Òfì àti àdìrẹ ni mo ń tà ní ọjà Wuse, l'Ábùjá níbí. Oníbàárà tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ọjà tuntun dé máa ń fún mi ní ímeèlì rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà káàbọ̀ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi ìgbà tí mo kí Hàjíyà kan ní Suleja káàbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ojú gbà mí tì!

Ni mo bá gbé e fún Brevo, ìkànnì tó ń bá èèyàn fi ímeèlì ránṣẹ́, kó máa ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ń lọ lóòótọ́, àmọ́ inú spam, ibi tí ímeèlì tí a kò fẹ́ ń lọ, ló ń balẹ̀ sí. Àbúrò mi sọ pé àdírẹ́sì Gmail lásán tí mo fi ń ránṣẹ́ ló fà á, pé láti 2024 ni Google àti Yahoo ti le mọ́ àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó ní kí n ra dóméènì tèmi, ìyẹn orúkọ tèmi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n sì to SPF àti DKIM rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì ìdánimọ̀ ímeèlì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ni lẹ́tà náà ti wá lóòótọ́. Ṣé dandan ni fún ọlọ́jà kékeré bíi tèmi? Ta ló ti ṣe é rí, èló ló ná an?

Ẹ tún bá mi wò ó: ṣé kí n ti dín owó fún wọn nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, àbí kí n kọ́kọ́ kí wọn ná? Mo fi "Sannu da zuwa" sí ìsàlẹ̀ "Ẹ káàbọ̀" nítorí àwọn Haúsá inú wọn. Àbí ó ti pọ̀ jù?