Mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀, Kubwa sí Area 1 lójoojúmọ́: Corolla, Civic tàbí Elantra?

Nọ́ọ̀sì Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Àbújá àti òkè ọya. Abèèrè kì í ṣìnà, ìdí nìyí tí mo fi wá. Ìmọ̀ràn ẹni tó mọ mọ́tò ni mò ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ta tirẹ̀ fún mi kó fi mí sílẹ̀.

Kubwa ni mò ń gbé, ìtòsí Area 1 ni ibi iṣẹ́ mi wà, nǹkan bíi kìlómítà 30 ní àlọ nìkan. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń wọ mọ́tò èrò, Kubwa sí Berger, Berger sí Area 1. Ǹ bá máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ alẹ́ ti wọ̀ ọ́. Bí mo bá jáde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí mo dúró lẹ́bàá títì, gbogbo mọ́tò tó bá rọra dúró níwájú mi ni àyà mi ń já sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ ohun tí "wọ̀n-ṣáǹsì" ń jẹ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé ẹlẹgbẹ́ mi kan, wọ́n gba fóònù àti káàdì báńkì rẹ̀, wọ́n sì tì í bọ́ sílẹ̀ lórí eré. Orí ló kó o yọ. Àtìgbà yẹn ni ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ti ní ká lọ kó owó àjọ wa jáde.

Náírà mílíọ̀nù 4.5 ló wà nílẹ̀. Inú ẹ̀ náà ni owó ìwé ọkọ̀ àti owó àtúnṣe àkọ́kọ́ ti máa jáde. Mọ́tò kékeré oníbúùtù ni mo fẹ́, èyí tí epo rẹ̀ kò ní máa gbé owó oṣù mi mì. Gíà ọtọmátíìkì sì ni, torí lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá lórí ìdúró, orúnkún òsì mi kò lè máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni a máa ń lọ sílé ní Ìsánlú, gba Lọ́kọ́ja àti Kàbbà.

Mẹ́ta ni mo ti fojú rí. Corolla 2006 kan wà ní Gwarinpa lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó níbí, mílíọ̀nù 4.1 ló ń pè é. Civic 2008 kan wà lọ́gbà àwọn tó ń ta mọ́tò, tòkunbọ̀ ni wọ́n pè é, mílíọ̀nù 4.4. Ẹ̀kẹta ni Elantra 2009, mílíọ̀nù 3.4, ará ìjọ wa kan ló fẹ́ tà á.

Kí n má purọ́, Civic yẹn ni ọkàn mi wà. Ó dúdú, ó ń dán, nọ́ḿbà eré rẹ̀ sì wà lókè dáṣíbọ́ọ̀dù nítòsí gíláàsì, èèyàn ò ní láti wolẹ̀ kó tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ní 2016 a ra mọ́tò kan, n kò ní dárúkọ irú rẹ̀. Òun náà dán. Oṣù mẹ́rin péré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lẹ́yìn Kọ̀tọ̀nkàrfí, ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ọmọ oṣù méje lẹ́yìn mi. Oru ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò iṣu. Mẹkáníìkì tó wá bá wa fi ìka ha ara irin, gọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò: wọ́n ti lẹ ojú ibi tó ń jò kí wọ́n tó tà á fún wa. Kí ni kí n wò lọ́tẹ̀ yìí? Ewo nínú mẹ́ta yìí ni kí n dojú kọ?

Mẹkáníìkì Apo

Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe ní Apo, mo sì ti ṣí ikùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ dárúkọ yìí láìmọye ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ọkàn yín wà. Civic yẹn dára láti wà, gíà márùn-ún ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń fa ọkọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn Civic 1.8 tí wọ́n ṣe láti 2006 dé 2008, àti díẹ̀ lára ti 2009, ní àrùn kan tí gbogbo ayé mọ̀: búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì wọn, ìyẹn irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì gan-an, lè sán, kí omi máa jò níbẹ̀. Honda fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọdún kún ẹ̀rí àtúnṣe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí dé ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá yẹn ti kọjá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sán, mo mọ èyí tó ṣì ń rìn ní àlàáfíà, àwọn kan sì wà tí wọ́n ti pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wo ara búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Omi tó ti jò, tó ti gbẹ, máa ń fi àpá sílẹ̀ bí ẹfun. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fọ̀ dànù.

Elantra 2009: ẹ́ńjìnnì lítà méjì, bẹ́líìtì ló ń darí fáàfù rẹ̀ (àwọn ìdérí kéékèèké tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú ẹ́ńjìnnì), kì í ṣe ṣéènì bíi ti àwọn méjì yòókù. Ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn ní nǹkan bíi máìlì 60,000. Tó bá já lórí eré, písítíìnì á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́. Nítorí náà ẹ bi ará ìjọ yín: ìgbà wo lẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì? Bí kò bá mọ̀, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé Gwagwalada.

Corolla ni ẹ́ńjìnnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE. Ṣéènì ni. Gíà mẹ́rin péré ló ní, kò ní fò bíi Civic. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé láti Apo dé Zuba, láti Lọ́kọ́ja dé Kàbbà, kò síbi tí ẹ ò ti ní rí pátì rẹ̀ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Obìnrin tó ń dá wakọ̀ lóru nílò ìyẹn ju àwọ̀ tó ń dán lọ. Àléébù rẹ̀: tó bá ti gbó tí wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó máa ń jẹ ọ́ìlì.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tiná sí i kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ó ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Nígbà tó ṣì tutù, ẹ ṣí ìdérí rẹdiétọ̀: omi aláwọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rí, omi pupa bíi ti ìpẹtà kò dáa. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Tí nǹkan kan bá lẹ̀ mọ́ ọn tó dà bí ògì tí wọ́n po mọ́ epo, omi ti ń wọnú ọ́ìlì nìyẹn, ẹ máa lọ sílé. Ti Corolla, ẹ fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà yọ, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí nǹkan tó jóná, gíà ti ń lọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tan AC, kí ọkọ̀ dúró nínú oòrùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ojú yín má kúrò lára géèjì ooru.

Abúlé Sabo, Kàdúná

Àǹtí, ẹ má bínú sí mi, èmi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi ń fi gbogbo owó yẹn ra mọ́tò Jàpáánù. Golf 3 tí mo fi ń lọ Zaria ti pé ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi. Gíà ọlọ́wọ́ ni, pátì rẹ̀ pọ̀ ní gbogbo òkè ọya, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ iye Golf tó ń ṣe takisí ní Àbújá. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó yín ló máa gbà, kẹ́ ẹ fi ìyókù ra ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kubwa

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Orúnkún ni kò jẹ́. Ká ní ara mi gbà á, ilẹ̀ yẹn wù mí.

Bàbá Ìbejì, Nyanya

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ epo. Kìlómítà 60 lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù, 1,320 nìyẹn. Nínú ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, Corolla yẹn ń rin nǹkan bíi máìlì 26 fún gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, ìyẹn kìlómítà 11 fún lítà kan. Lítà 120 ni oṣù kan á gbà. Bí a bá ka lítà sí náírà 900, ó jẹ́ 108,000. Civic àti Elantra kò jìnnà síbẹ̀ rárá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo tan yín láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni bí ẹ bá fi ojú ńlá ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá, V6, tó ń rin kìlómítà mẹ́jọ fún lítà kan: 148,500 lóṣù. Ogójì ẹgbẹ̀rún tó lé yẹn jẹ́ owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan nílé mi.

Ará Lugbe

Mo ti kó mọ́tò wọlé rí, ohun kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń tajà kì í sọ ọ́. Corolla 2003 dé 2013 àti Civic 2001 dé 2011 wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà fún àtúnṣe nítorí airbag Takata. Airbag ni àpò atẹ́gùn tó máa ń tú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Èròjà tó wà nínú èyí tí Takata ṣe máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá sì bú, irin wẹ́wẹ́ ló ń ta sí ẹni tó jókòó. Àwọn èèyàn ti kú nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè tí kò lè san ní 2017. Ooru Àbújá yìí ńkọ́?

Ẹ kọ nọ́ḿbà ṣásì ọkọ̀ náà sílẹ̀, ẹyọ 17 ni, ó wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ òsì. Tó bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 ni Kánádà. J ni Jàpáánù. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì àjọ ààbò ojú ọ̀nà wọn, NHTSA. Ọ̀fẹ́ ni. Á sọ fún yín bí àtúnṣe bá ṣì kù tí wọn kò ṣe. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́.

Nọ́ọ̀sì Kubwa

Ẹ kú àánú mi o, gbogbo yín. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi rìn.

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Civic. Mo pè wọ́n lálẹ́ pé kí wọ́n má tiná sí i. Nígbà tí mo dé ní aago méje àárọ̀, mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mi fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí rẹdiétọ̀ nígbà tó bá tutù, ọkùnrin náà ní, "Madam, ẹlòmíì ń bọ̀ wá rà á ní aago mẹ́jọ." Mo ní Ọlọ́run á fún un ṣe. Ó dùn mí dé ọkàn, ṣùgbọ́n mo rìn jáde.

Ará ìjọ wa kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì. Ó sọ òótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ẹ̀.

Corolla ti Gwarinpa tutù bí ilẹ̀ mọ́sáláṣí nígbà tí a débẹ̀. Mẹkáníìkì wa láti Kubwa ṣí gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi, èmi náà sì ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tẹ̀ lé e. Abẹ́ ìdérí ọ́ìlì mọ́. Ọ́ìlì gíà ti ṣókùnkùn, kò rùn. A tan AC, a dúró nínú oòrùn, abẹ́rẹ́ géèjì kò kúrò ní àárín. Nọ́ḿbà ṣásì fi 2 bẹ̀rẹ̀, ìkànnì náà sì sọ pé kò sí àtúnṣe tó kù.

Ohun méjì ni mo rí fúnra mi. Ẹni tó ń tà á ní ọkọ̀ ti rin "kìlómítà" 168,000. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù, máìlì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyẹn lé ní kìlómítà 270,000! Ìkejì, mo kúnlẹ̀ wo ara táyà, mo rí nọ́ḿbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sínú róbótó kan: 3116. Mẹkáníìkì ní ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ọdún tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù iwájú náà ń lu kọ̀ǹkọ̀ lórí bọ́ǹpù. Mo kó gbogbo rẹ̀ síwájú ọkùnrin náà láì pariwo. Láti 4.1 ó bọ́ sí 3.75. Táyà tuntun ti wà nídìí rẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀kù ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Lánàá mo gbé ẹlẹgbẹ́ mi yẹn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Dutse, nítòsí Kubwa níbí, ní aago mẹ́wàá alẹ́. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé. Ó kàn fi ọwọ́ pa bẹ́líìtì ìjókòó tó dè mọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n Apo, ẹ̀ẹ̀kan péré: ìwé tó wà nínú ọkọ̀ ní ọ́ìlì 5W-30, nọ́ḿbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Ẹni tó ń ta ọ́ìlì ní 20W-50 ni kí n lò nítorí ooru. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Mẹkáníìkì Apo

Ìwé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ ra 5W-30 lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ pààrọ̀ fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù àkọ́kọ́ yìí, ẹ máa fa irin ọ́ìlì wò ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ kọ ibi tó dé sílẹ̀. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ gbé e wá.